Ta ló ń jẹ Igbó Ọmọ̀ tán? Ọ̀rọ̀ gẹdú, kòkó àti iná gàrí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá gba títì Ìjẹ̀bú-Òde sí Ọ̀rẹ̀ lóru yóò pàdé wọn: lọ́rì gẹdú tí iná ẹ̀yìn wọn kì í sábà tàn, igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí apá èèyàn méjì kò lè ká, tí wọ́n fi ṣéènì dè pọ̀. Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ohun mìíràn ni èèyàn máa rí lẹ́bàá títì yẹn: kòkó tí wọ́n sá sórí tapólì, èédú inú àpò tí wọ́n tò kalẹ̀ de àwọn tó ń ti Benin bọ̀, ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n so kọ́ orí igi. Igbó kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ igbó tó ń tán bá délẹ̀, àwọn oní-gẹdú nìkan la máa ń dárúkọ. Wọ́n jẹ̀bi tiwọn o, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Igbó Ọmọ̀ ni igbó ọba tó tóbi jù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ló sì pọ̀ sí jù. Ọdún 1925 ni ìjọba òyìnbó pààlà sí i, nígbà tí wọ́n ṣì ń kà á mọ́ Igbó Ṣáṣá. Hẹ́kítà ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ tó 130,500, ìyẹn ni pé ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 1946, wọ́n yọ hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Ní 1977, àjọ UNESCO ka igbó náà mọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní biosphere reserve, ibi tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn àti ẹ̀dá inú igbó ti jọ máa gbé láìpa igbó run. Ibẹ̀ ni ọ̀gànwó, ìrókò, arère, afárá, ọ̀pẹ̀pẹ̀ àti igi ọmọ̀ tí àwọn agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ ìlù ti pọ̀ rẹpẹtẹ nígbà kan. Ibẹ̀ náà ni ìnàkí kù sí, àti erin. Erin ibẹ̀ kì í ṣe erin pápá tí a ń rí nínú tẹlifíṣàn. Ti inú igbó ni, ó kéré sí ti pápá, eyín rẹ̀ gún wálẹ̀ ṣánṣán. Láti oṣù kẹta 2021 ni àjọ tó ń ka àwọn ẹ̀dá tó ń parun lágbàáyé ti fi ẹ̀yà erin yìí sí ìpele ewu tó ga jù, èyí tó kù díẹ̀ kó di pé kò sí mọ́.

Nínú ìwé, hẹ́kítà 130,500 náà ṣì pé. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láti J4, agbègbè kan ní Igbó Ọmọ̀, yóò rí i pé oko kòkó, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, igi mẹláínà tí ìjọba gbìn, abúlé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti gba apá tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni owó òkèèrè ti ń wọ igbó yìí. Ní 1892, lójú ogun Ìmàgbọ̀n, òyìnbó fi ìbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú sílẹ̀ tipátipá. Kò pẹ́ rárá tí òwò rọ́bà fi gbòde. Igi irẹ́ ló ń sun oje tí wọ́n fi ń ṣe é, irẹ́ sì pọ̀ nínú igbó wa nígbà náà. Nígbà tó fi máa di 1895, rọ́bà ti wà lára ohun tó ń mówó wọlé jù ní èbúté Èkó. Ẹni tó bá rí igi kan ń sá a lára yíká láti ìdí dé òkè, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dá díẹ̀ sí di ọ̀la, ẹlòmíràn á wá sá a lálẹ́. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, irẹ́ ti gbẹ kú lọ súà, òwò náà sì wó lulẹ̀. Àwọn tó sá igi náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n kàn mọ̀ pé igi tó wà ní ìdúró kì í ṣe tẹnikẹ́ni, pé ìgbà tó bá dọ̀bálẹ̀ ló tó di ti ẹnì kan. Gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí igbó yìí látìgbà náà, ìtàn irẹ́ yìí ló ń tẹ̀ lé.

Nígbà tí òyìnbó wá pààlà sí igbó ọba, wọ́n ní àwọn ń dá igbó sí fún ọjọ́ iwájú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wá ibi tí gẹdú yóò ti máa wá déédéé, tí owó rẹ̀ yóò sì máa wọ àpò ìjọba. Ìdílé tó ti ń dẹ̀gbẹ́, tó ń já ewé, tó ń kọ ọ̀pẹ nínú igbó yẹn tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń tọrọ ìwé àṣẹ. Òmìnira dé, kò yí i padà. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, igbó náà sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 tún fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Ọmọ abúlé tó ń gbọ́ igbe ìnàkí láti orí ẹní rẹ̀ kò ní ìpín kankan tó ṣeé kà nínú igi tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Àdánù tó tóbi jù nínú ìtàn Igbó Ọmọ̀, lójú tèmi, kò wá láti ọwọ́ olè kankan. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ṣe é, pẹ̀lú ìwé àti àwòrán ilé. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní àwọn ọdún 1970, Nàìjíríà pinnu pé òun yóò máa ṣe bébà tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fọkàn sí: Jẹ́bà tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, Oku-Iboku, àti Ìwopin tó wà létí ọ̀sà ní ìhà tiwa níbí. Ìwé ìkọ̀wé ni Ìwopin yóò máa ṣe. Bébà ń fẹ́ igi, igi tó ń tètè dàgbà sì ni wọ́n ń wá, ni wọ́n bá lọ mú mẹláínà wá, igi ilẹ̀ Éṣíà tí kì í pẹ́ ga. Wọ́n yá owó, Báǹkì Àgbáyé wà lára àwọn tó yá wọn. Wọ́n gé igbó àbáláyé lulẹ̀ ní agbègbè J4, wọ́n sun ún, wọ́n to mẹláínà sórí ilẹ̀ náà ní ìlà ìlà. Igi dàgbà. Ilé iṣẹ́ Ìwopin kò fìgbà kan ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀; nígbà tó yá wọ́n tà á pẹ̀lú àwọn ohun ìní ìjọba mìíràn. Ìwé tí ọmọ wa ń kọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lónìí, bébà òkè òkun ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Mẹláínà wá di igi tí wọ́n ń là sí pákó fún àwọn kọ́lékọ́lé, ibi tí wọ́n bá sì ti gé e tán, àwọn àgbẹ̀ ló ń wọ ibẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbin àwọn igi ìjọba wọ̀nyí tún ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Tọ́ńgíyà ni wọ́n ń pe ètò náà. Láti Burma ni àwọn òyìnbó ti mú un wá. Ìjọba á fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba, pé kó gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, kó sì máa ro ìdí igi kékeré tí ìjọba gbìn sáàárín wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, igi á ti ga, ibòòji á ti bo oko, àgbẹ̀ á sì kó ẹrù rẹ̀. Ó dára lórí ìwé. Ẹ fi ara yín sípò àgbẹ̀ náà ná: igi tí ẹ̀ ń ro ni yóò lé yín kúrò nílẹ̀. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ọkọ́ máa ń ṣèèṣì kan gbòǹgbò.

Ní òde igbó ọba, lórí ilẹ̀ ìdílé, ọ̀rọ̀ tún wà. Ẹ jẹ́ ká mú ìrókò kan ṣoṣo. Ó hù fúnra rẹ̀ nínú oko kòkó bàbá kan ní ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá náà lè ta iṣu rẹ̀, ó lè ta kòkó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrókò kì í ṣe ohun tó kàn lè gé kó tà. Igi gẹdú ni, òfin igbó ló ń darí rẹ̀. Oní-gẹdú ló máa lọ gba ìwé àṣẹ, ló máa san owó orí igi fún ìjọba, tí wọ́n á fi hámà tẹ àmì sí kùkùté àti gẹdú pé ó ti sanwó. Owó orí igi yìí kì í bá owó ọjà dọ́gba. Gẹdú lè di ọ̀wọ́n ní ìlọ́po ìlọ́po kí wọ́n tó rántí yí i padà. Ohun tó kan bàbá olóko nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ohun tí oní-gẹdú bá fi ojú àánú fún un. Igi náà á wó lu kòkó rẹ̀, lọ́rì á tún la ọ̀nà gba àárín oko kọjá.

Bàbá tó bá ti rí irú èyí rí kì í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó bá ń ro oko, tó bá rí ìrókò kékeré tó ń yọ orí, á fà á tu. Bí ó bá sì ti dàgbà jù fún fífà tu, á bó èèpo ìdí rẹ̀ yíká, á kó koríko gbígbẹ sí i, á ti iná bọ̀ ọ́. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n ń kọ irú igi bẹ́ẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ìrókò tó bàjẹ́ ní kékeré yìí ì bá gba ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó di gẹdú, ì bá sì di ogún gidi fún ọmọ-ọmọ ẹni tó pa á. Bí ìjọba bá sọ lónìí pé ìdajì owó ìrókò tó wà lóko ẹni jẹ́ ti olóko, mo rò pé iye ìrókò tó máa yè nílẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ́dún kan á ju èyí tí gbogbo ayẹyẹ ọjọ́ gbígbin igi ti gbìn lọ.

Oní-gẹdú náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí owó orí igi bá kéré, tí ọlọ́pàá, agbowó àti ẹgbẹ́ sì dúró sí ọ̀nà, ìsàlẹ̀ igi tó tọ́ nìkan ló máa gbé, ẹ̀ka ńláńlá á jẹrà síbẹ̀. Àwọn kan kì í tilẹ̀ gbé gẹdú jáde mọ́: ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń la igi sí pákó nínú igbó lọ́hùn-ún, wọ́n á fi ọ̀kadà kó o jáde díẹ̀díẹ̀. Ayùn yẹn kì í tọ́ lọ bí ẹ̀rọ sọ́míìlì, nítorí náà igi tó pọ̀ ló ń di ìyẹ̀fun. Òkè òkun kọ́ ni pákó náà ń lọ. Nàìjíríà ti ka gẹdú àti pákó lílà mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ kó lọ tà lókè òkun. Òrùlé àti pákó dẹ́kínì Èkó ló ń jẹ ẹ́, àti tiwa níbí. Láyé àtijọ́, orí omi ni wọ́n ti ń ti gẹdú wá: wọ́n á so ó pọ̀ bí ẹní, wọ́n á fi ọ̀sà gbé e dé Òkò Bàbá ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Nígbà tí títì Ṣágámù sí Benin wá la àárín igbó kọjá, ohun tó ń gba ọ̀sẹ̀ kò ju òru kan lọ mọ́.

Ṣùgbọ́n kòkó ni ọ̀rọ̀ tó gbóná jù báyìí. Ní 2022, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju dọ́là 2,500 lọ ní ọjà àgbáyé. Ní oṣù kẹrin 2024, ó ti kọjá 10,000. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ó lé ní 12,000. Náírà sì ti já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà 2023, nítorí náà ohun tó bọ́ sápò àgbẹ̀ tún wú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ti tú Kòkó Bọ́ọ̀dù ká láti 1986, kò sí ẹni tó ń bá àgbẹ̀ wa dá iye lé kòkó bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Gánà. Bí ọjà bá ru ní London lówùúrọ̀, kò ní pẹ́ kí ẹni tó ń ra kòkó ní J4 tó gbọ́.

Kí ló dé tó jẹ́ inú igbó ni wọ́n ń gbà lọ, nígbà tí oko kòkó àtijọ́ kún ilẹ̀ Yorùbá? Ẹni tó bá ti gbin kòkó rí mọ èsì rẹ̀. Ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú igbó dúdú, ó tutù, kò sí èkan níbẹ̀, kòkòrò kò tíì pọ̀, igi ńlá sì wà lórí tó ń ṣíji bo èèhù kòkó títí á fi múlẹ̀. Ní ilẹ̀ tó ti gbó, oòrùn á pa èèhù náà, àgbẹ̀ á ra ajílẹ̀, á san owó lébìrà léraléra, síbẹ̀ kò ní so tó bẹ́ẹ̀. Igbó ń fún àgbẹ̀ ní ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Bí ó bá tán, àwọn ọmọ á wá igbó mìíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kòkó ṣe ń ṣí kiri láti ìbẹ̀rẹ̀: Agége, Ìbàdàn, ó kọjá sí Ifẹ̀ àti Iléṣà, ó dé Oǹdó. Ilẹ̀ tútù tó kù tí kòkó kò tíì gbà kò pọ̀ mọ́ ju inú igbó ọba lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń dáko nínú Igbó Ọmọ̀ kì í sì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Láti àwọn ìlú tí kòkó ti gbó ni wọ́n ti wá.

Wọn kì í sì í ké igi lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣán ìsàlẹ̀, wọ́n á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó sábẹ́ igi ńlá. Sátẹ́láìtì tó bá wò ó láti òkè á rí ewé tútù, á kà á sí igbó. Bí kòkó bá ti ń ga, wọ́n á máa ti iná bọ àwọn igi ńlá náà nídìí, ọ̀kan lọ́dún yìí, méjì lọ́dún tó ń bọ̀. Ìgbà tí àwòrán bá fi máa fi hàn pé igbó ti lọ, kòkó ti ń so.

Wọn kò wọ ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ẹni tó ń gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn pọ̀: ẹni tó sọ pé ilẹ̀ bàbá òun ni kó tó di ti ọba, ẹni tó wọ aṣọ ìjọba, ẹni tí kò ní ju agbára lọ. Bí ìjọba bá wá ní kí wọ́n kó jáde, wọn á ní àwọn ti sanwó, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ. A bí ọmọ níbẹ̀, ọmọ ti bí ọmọ. Mi ò rí bí fífi katakata wó ilé àti oko wọn ṣe máa yanjú èyí.

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tún há mọ́ bí erin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àgbẹ̀ gbìn láti ṣíji bo kòkó, erin sì fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Erin ti jáde dé agbègbè Ìmọ̀bí, wọ́n ba oko jẹ́, ẹ̀rù sì ba gbogbo ará abúlé. Ẹni tí erin jẹ oko rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan kò rí ẹni sanwó fún un, nítorí pé oko náà gan-an kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá wá gbọ́ pé wọ́n ń kówó jọ lókè òkun láti tọ́jú erin, ẹ jẹ́ kó bínú díẹ̀.

Gàrí Ìjẹ̀bú tí a fi ń yangàn náà wà nínú ẹjọ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bi tirẹ̀ kò tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó mú gàrí wa yàtọ̀ ni pé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pẹ́ nínú àpò kó tó kan dáadáa, àti pé ó gbẹ. Gbígbẹ yẹn, iná ni. Obìnrin tó jókòó ti agbada máa ń bù ú díẹ̀díẹ̀ sí i, á máa fi igbá kékeré rò ó sọ́tùn-ún sósì títí á fi máa dún ṣàràṣàrà lórí irin, èéfín á sì máa gbá a lójú látàárọ̀. Láti inú oko tó sinmi ni igi ìdáná rẹ̀ ti máa ń wá tẹ́lẹ̀, ẹ̀ka gbígbẹ àti kùkùté. Ilẹ̀ kì í sinmi pẹ́ mọ́, nítorí náà rírà ló ń ra igi, tàbí èèpo gẹdú láti sọ́míìlì. Bí a bá fẹ́ wá ẹni tí iná rẹ̀ ń jẹ igbó gan-an, ẹ jẹ́ ká wo ìlú. Láti ìgbà tí owó kẹrosíìnì àti gáàsì ti fò, ẹni tó ti gbàgbé èédú ti padà sí i, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń fi igi dáná, àwọn alásè òde àríyá pẹ̀lú. A sì mọ bí òde àríyá ṣe pọ̀ tó nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ti Rẹ́mọ yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí igbó ọba ńlá tí a ń jà lé lórí. Oko obì ló ṣe bí igbó fún Rẹ́mọ fún ìgbà pípẹ́. Igi obì fẹ́ràn ibòòji, nítorí náà àwọn bàbá wọn dá igi ńlá sí lórí rẹ̀, òwò obì pẹ̀lú àwọn Hausa ní Sábọ́ Ṣágámù sì mú kó lérè láti dá a sí. Bí ilẹ̀ oko bá ti wá lérè ju obì lọ nígbà tí wọ́n bá gé e sí púlọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣágámù wà ní oríta títì Ìbàdàn àti ti Benin, ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì wà níbẹ̀, pápákọ̀ òfúrufú ti wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, àwọn ará Èkó ń wá ilẹ̀. Igi obì ọgọ́ta ọdún kò lè bá owó bẹ́ẹ̀ du ilẹ̀.

Bí èèyàn bá ní kí wọ́n fún òun ní iye, á rí i, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ nígbà kan pé Nàìjíríà ń pàdánù hẹ́kítà igbó 410,000 lọ́dọọdún láti 2000 sí 2010. Nígbà tí wọ́n tún un kà fún ìròyìn 2020, iye náà ti di nǹkan bíi 163,000. Igbó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà á ló yí padà, nítorí ìkà àtijọ́ kò jìnnà sí ká fi ojú díwọ̀n. Ohun tí mi ò fọkàn tán nínú iye méjèèjì ni pé oko kòkó tó wà lábẹ́ igi ńlá lè wọ inú ìkà igbó láìsí ẹni tó mọ̀.

Ibi tí igi àtijọ́ ṣì wà ní ìdúró nílẹ̀ wa láìsí ẹ̀ṣọ́ tó ń gbowó oṣù ni igbó orò àti igbó Agẹmọ, àti àwọn apá kan lára Ẹrẹ́dò Súńgbọ́, yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bí 160 kìlómítà. Yàrà náà jìn débi pé kò sí ẹni tó lè fi ibẹ̀ dáko, èèwọ̀ sì ló dá igbó orò sí. Àwọn kan máa ń fi èyí ṣe àríyànjiyàn pé ká padà sí àṣà. Mo gbà pé ká tọ́jú ohun tó kù, ṣùgbọ́n éékà díẹ̀ díẹ̀ ni igbó orò. Èèwọ̀ kò sì ní mú àgbẹ̀ tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò mọ Agẹmọ.

Àwọn tó ń sapá wà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè Ṣàfí Lawal Ẹdú tó dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980. Àjọ yìí àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló jọ ń mójú tó àwọn erin Ọmọ̀, ọdẹ àná sì wà lára àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wọn lónìí. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu: ọdẹ ló mọ ipa ẹsẹ̀ ọdẹ, owó oṣù sì dára ju ẹran kan lọ. Ó kàn jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀ tó ilẹ̀.

Owó ńlá tí ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ńkọ́? Ní Belém ní Brazil, ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n ṣí ètò kan tí yóò máa sanwó fún orílẹ̀-èdè tó bá dá igbó ilẹ̀ olóoru sí. Iye tí wọ́n fọkàn sí ni nǹkan bíi dọ́là 4 fún hẹ́kítà kan lọ́dún, pé kí ìdá 20 nínú 100 rẹ̀ sì dé ọwọ́ àwọn tó ń gbé ìtòsí igbó. Ká ní Nàìjíríà wọ inú rẹ̀, ká tún ní gbogbo Igbó Ọmọ̀ ṣì jẹ́ igbó, dọ́là 522,000 ni lọ́dún. Ẹ wá wo hẹ́kítà kòkó kan: bó bá so kìlógíráàmù 350 péré, tí tọ́ọ̀nù kan sì wà ní dọ́là 5,000, ó ti mú dọ́là 1,750 wọlé. Dọ́là 4 àti dọ́là 1,750. Ìdá 20 nínú 100 dọ́là 4 náà sì ni ti ará abúlé, tí kò bá sọnù lọ́nà.

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ló sún mọ́ àgbẹ̀ jù. Wọ́n ṣe é ní 2023: kòkó, pákó, rọ́bà àti àwọn ọjà mélòó kan mìíràn kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ wọn bí wọ́n bá ti pa igbó láti gbìn wọ́n lẹ́yìn oṣù kejìlá 2020. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà hàn lórí máàpù. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó ń ra kòkó sì ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sóko pẹ̀lú fóònù láti ya ààlà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò tíì gbọ́ ni apá kejì òfin náà: kòkó náà gbọ́dọ̀ bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu. Ẹni tó ti gbin oko rẹ̀ sínú Igbó Ọmọ̀ láti 1998 kò lè fi ọdún gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí wọ́n ya máàpù oko náà, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé inú igbó ọba ni òun wà. Bí kò bá jẹ́ kí wọ́n yà á, kòkó rẹ̀ kò ní ìwé. Yóò ṣì rí ẹni rà á, nítorí Yúróòpù nìkan kọ́ ni ọjà, ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa rà á. Bí owó hẹ́kítà méjì kò bá sì tó ọmọ rán ní ilé ìwé mọ́, hẹ́kítà kẹta ni yóò wá, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹ̀yìn ahéré rẹ̀.